Fíìmù, kọ̀ǹpútà àti bébà A4: èwo ni dókítà fi ń wo eegun tó kán?

Sí Olóòtú,

Bébà A4 kan wà níwájú mi lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìbéèrè ìdánwò. Àwòrán ọrùn-ọwọ́ méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan láti iwájú, èkejì láti ẹ̀gbẹ́, ìlà funfun tín-ín-rín kan sì gba àárín wọn kọjá nítorí pé íǹkì ẹ̀rọ náà ti ń tán lọ. Ọwọ́ ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Orúkọ ọmọ náà wà lókè bébà, déètì wà níbẹ̀, orúkọ ilé ìwòsàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ wọn, torí pé kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe irú rẹ̀. Bébà yìí ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ fún ọmọ náà pé eegun rẹ̀ kò kán. Ó sì kán.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ yíya X-ray kí n tó fẹ̀yìn tì. Fíìmù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni mo fi parí rẹ̀, nítorí náà mo ti jẹ adùn àwọn méjèèjì, mo sì ti jẹ ìkorò wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ káàkiri báyìí, láti ẹnu aláìsàn títí dé ẹnu àwọn tó ni ilé ìwòsàn, ni pé ayé fíìmù ti dópin, pé ayé kọ̀ǹpútà la wà, pé kò sí bí eegun ṣe lè kán tí ẹ̀rọ tuntun kò ní rí i. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ kò pé. Èyí tí wọn kì í sọ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé dé etí àwọn òǹkàwé yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí fíìmù ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya X-ray lónìí ni kò wọ yàrá òkùnkùn rí. Nígbà tí Wilhelm Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, ṣàwárí ìtànṣán X-ray yìí ní ìlú Würzburg lóṣù kọkànlá ọdún 1895, orí gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò láyé ìgbà náà ló ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sí, tí òrùka ìyá náà sì hàn gedegbe lára eegun ìka. Gíláàsì yẹn ló di fíìmù nígbà tó yá, ìyẹn ọ̀rá líle pẹlẹbẹ tí wọ́n fi èròjà fàdákà kùn lójú méjèèjì. Inú kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀, ló ń gbé, láàárín páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tó máa ń tàn yòò nígbà tí ìtànṣán X-ray bá kàn wọ́n, ìmọ́lẹ̀ yẹn ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà lára fíìmù. Ibi tí ìtànṣán bá ti ráyè kọjá á dúdú, ibi tí eegun bá ti dí i lọ́nà á funfun.

Yàrá òkùnkùn fúnra rẹ̀, ojú mi ṣì ń rí i. Màá wọlé, màá ti ilẹ̀kùn, màá dúró díẹ̀ kí ojú mi fi bá iná pupa kékeré tó wà lára ògiri mu, kí n tó ṣí kásẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ la fi ń ríran níbẹ̀. Màá fi ìka wá igun fíìmù, màá fi há inú férémù onírin, ó di inú omi dẹfẹ́lọ́pà tó ń mú àwòrán yọ, ó di inú omi lásán, ó di inú fíkísà tó ń mú àwòrán náà dúró, tí òórùn rẹ̀ ń ta sí imú bíi fínígà, lẹ́yìn náà ni yóò wá wẹ nínú omi tó ń ṣàn, kó tó bọ́ sórí okùn láti gbẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá le, a kì í dúró de gbígbẹ. A ó gbé fíìmù tó ń kán tótó lọ bá dókítà ní yàrá ìtọ́jú, òun náà á sì nà án sókè síbi fèrèsé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yìnyín la máa ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi tútù lẹ́nu géètì, tí a ó kó o yí táńkì dẹfẹ́lọ́pà ká, nítorí pé ìwọ̀n ooru bíi 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ṣe omi náà fún, ilẹ̀ tiwa sì lè ti kọjá 30 kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí omi bá gbóná jù, fíìmù á ṣú dẹ̀dẹ̀ bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ òjò, gbogbo wàhálà náà á sì di òfo.

Síbẹ̀, fíìmù tí a bá yà dáadáa tí a sì fọ̀ dáadáa kì í ṣe ohun àbùkù. Bí a bá fa ìlà dúdú àti funfun tẹ̀lé ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú mìlímítà kan ṣoṣo, fíìmù tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè fi ju méje irú ìlà méjì-méjì bẹ́ẹ̀ hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà wà láàárín mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ tuntun ń rí ohun tó kéré ju èyí tí fíìmù ń rí lọ, ẹ ní kó wá bá mi.

Ibi tí fíìmù ti kùnà ni pé kì í foríji ẹni tó bá ṣi ìwọ̀n. Bí ìtànṣán bá kéré díẹ̀ sí bó ṣe yẹ, fíìmù á funfun bí aṣọ àlà. Bó bá pọ̀ díẹ̀ jù, á dúdú bí àdìrò, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́ ju kí a tún òmíràn yà lọ. Mo rántí obìnrin arúgbó kan tí itan rẹ̀ kán, tí a gbé sórí tábìlì X-ray lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí pé iná ìjọba ń lọ sókè-sódò, tí ìwọ̀n ẹ̀rọ sì ń yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé ìyá náà, igbe rẹ̀ ń dé wọ́ọ̀dù kejì. Ìgbà kẹta ni fíìmù tó jáde sàn. Bákan náà, bí èjìká àti apá bá wà lórí fíìmù kan, bí a bá fẹ́ kí èjìká tó nípọn hàn, apá tó tẹ́ẹ́rẹ́ á jóná; bí a bá fẹ́ kí apá hàn, èjìká á di ẹfun.

Kọ̀ǹpútà ló wá wo àrùn yìí sàn. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́ ṣì ń lo kásẹ́ẹ̀tì, àmọ́ pátákó fẹ́lẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀ dípò fíìmù; pátákó náà máa ń fi agbára ìtànṣán pamọ́ sínú ara rẹ̀, bí wọ́n bá sì tì í bọ inú ẹ̀rọ tó ń kà á, iná lésà á gba orí rẹ̀ kọjá, á mú kó tú ohun tó fi pamọ́ jáde ní ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rọ á sì sọ ìmọ́lẹ̀ náà di nọ́ńbà. Ilé iṣẹ́ Fuji ti orílẹ̀-èdè Japan ló gbé irú èyí jáde fún títà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Èkejì kò nílò kí a gbé ohunkóhun lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn. Pátákó rẹ̀ wà lábẹ́ aláìsàn, kí oníṣẹ́ sì tó yíjú padà, àwòrán ti yọ lójú kọ̀ǹpútà. Oríṣi àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù ní àwọn ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ X-ray àtijọ́ náà ni wọ́n ń bá lò ó.

Ohun tí kọ̀ǹpútà fi gba ipò lọ́wọ́ fíìmù ni pé àwòrán rẹ̀ kì í kú sójú kan. Nínú àwòrán náà, àwọn ẹ̀rọ kan lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ eérú 4,096, láti orí dúdú kirimú títí dé funfun báláú. Ti àwọn mìíràn dé 16,384. Kò sí ojú ènìyàn tó lè mọ gbogbo wọn yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyí tí ẹni tó ń wò ó fi ń fa máòsì sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò, kó lè mú apá kan wá sójú ìmọ́lẹ̀ kó sì ti apá kejì sẹ́yìn. Bó bá fẹ́ wo eegun, á wo eegun. Bó bá fẹ́ wo bí ẹran ṣe wú yí eegun náà ká, èyí tó máa ń ta dókítà lólobó pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀, orí àwòrán kan náà ni yóò ti wò ó, kò ní tún gbé aláìsàn sórí tábìlì. Iṣẹ́ ìwòsàn ńlá ni èyí. Àwa tí a lo fíìmù mọ iye ẹkún tó gbà kúrò nílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí a fi ọgbọ́n yìí ṣe. Aláìsàn parí X-ray, ó sanwó, wọ́n sì tẹ àwòrán náà sórí bébà fún un. Àwọ̀ eérú 4,096 ti di ìwọ̀nba èyí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì lè dà sórí bébà olówó pọ́ọ́kú. Fíìmù tó dúdú dáadáa lórí àpótí iná tí dókítà fi ń wò ó lè má jẹ́ kí ju ìdá kan nínú 1,000 ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọjá, ibi tó funfun á sì jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù kọjá, láàárín òpin méjèèjì yìí sì ni gbogbo àwọ̀ yòókù ti ń ráyè jókòó. Bébà kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan lẹ́yìn. Dúdú rẹ̀ kò dúdú tán, funfun rẹ̀ kò ju funfun bébà lọ, eegun inú rẹ̀ á sì dà bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun rẹ́ ẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tó tẹ àwòrán náà ló ti bá dókítà yan ohun tí yóò rí, nítorí kò sí máòsì lórí bébà.

Mo mọ̀ pé fíìmù tún wà fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ láìlo omi dẹfẹ́lọ́pà, tí dókítà sì lè gbé sórí àpótí iná bíi ti àtijọ́. Mi ò bá irú ìyẹn jà. Òun náà kò ní ju ojú kan lọ, àmọ́ ojú náà máa ń mọ́. Ó wọ́n ni ọ̀ràn rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi pa á tì fún bébà nìyẹn.

Ọmọ àbúrò mi jẹ́ télọ̀. Orí ọ̀kadà ló ti já bọ́ nígbà tí òjò ń rọ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún balẹ̀, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe bí ilẹ̀ bá ń bọ̀ wá bá wọn. Wọ́n ya X-ray fún un níbì kan, wọ́n fún un ní bébà, ó gbé bébà náà lọ síbòmíràn tí dókítà ti wò ó lábẹ́ iná òkè àjà. Dókítà ní ọwọ́ náà kàn rọ́ ni, ó kọ oògùn ìrora fún un, wọ́n sì fi báńdéèjì wé e. Ọmọ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún iléyá ń bọ̀, aṣọ àwọn oníbàárà ti ga dé àjà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kí ìyá rẹ̀ tó mú un wá bá mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́, ó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.” Mo ní kó na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá na tiyín báyìí, ẹ ó rí ihò kékeré kan ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò náà, lẹ́bàá ọrùn-ọwọ́. Mo fi ìka tẹ inú ihò yẹn. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!” Ó ti já ọwọ́ gbà kí n tó gbé ìka mi kúrò.

Abẹ́ ihò yẹn ni eegun kékeré kan wà, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ọkọ̀ ojú omi, òun ló sì máa ń kán jù lọ nínú àwọn eegun wẹ́wẹ́ inú ọrùn-ọwọ́ bí ènìyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ gba ibi orí rẹ̀ tó kọjú sí ìka wọlé ni, ó wá ń padà sẹ́yìn lọ sí apá kejì. Bó bá ti kán láàárín, ẹ̀jẹ̀ lè má dé apá ẹ̀yìn yẹn mọ́, bí wọn ò bá sì tètè dè é kó má mì, ó lè kọ̀ láti so pọ̀, apá tí ẹ̀jẹ̀ kò dé sì lè kú.

Mo tẹ̀ lé ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ya X-ray. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bọ̀wọ̀ fún mi nígbà tí mo sọ iṣẹ́ tí mo ṣe fún un, ó fà mí ní àga, ó wá orúkọ, ó sì ṣí àwòrán náà. Ó ṣì wà níbẹ̀ lódindi. Mo ní kó jẹ́ kí n fa máòsì. Mo mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sọ àwòrán náà di ńlá, eegun inú ọrùn-ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ilé ṣe ń yọ nínú ọyẹ́ láàárọ̀. Ní ìbàdí eegun ọlọ́kọ̀ yẹn, mo rí ìlà dúdú kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ó là á kọjá láti etí kan dé èkejì. Mo gbé bébà tí mo mú dání sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ojú ibẹ̀ funfun ni, kò sí ìlà kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo bébà, ó wo kọ̀ǹpútà, kò sọ nǹkan kan.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo mọ̀ dájú pé eegun yìí lè kán kó má hàn rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ lórí fíìmù, ì báà jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà tó dára jù láyé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ gbogbo wa pé bí ibẹ̀ bá ń dunni, kí wọ́n de ọwọ́ náà bí ẹni pé ó kán, kí wọ́n sì tún X-ray yà lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14, nígbà tí etí ibi tó kán á ti jẹ díẹ̀ tí ìlà rẹ̀ á sì fẹ̀ sí i. Wọn ò ṣe ìyẹn náà. Ojú méjì péré ni wọ́n sì yà, nígbà tó jẹ́ pé eegun ọlọ́kọ̀ yìí ń fẹ́ mẹ́rin, pẹ̀lú ọwọ́ tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré kí eegun náà lè na ara rẹ̀. Ẹ̀bi yẹn kì í ṣe ti bébà. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn wà nínú àwòrán láti ọjọ́ àkọ́kọ́, owó ọmọ náà ni wọ́n fi yà á, dókítà tó yẹ kó rí i kò sì ní àǹfààní láti rí i.

Ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà yẹ bébà sílẹ̀ báyìí ni fóònù. Wọ́n á fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mi ò ní tan ara mi, mo ti rí i tó gba ẹ̀mí là: dókítà eegun tó wà lọ́nà jíjìn rí itan tó dá sí méjì lórí fóònù rẹ̀, ó sì sọ ohun tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó gbé aláìsàn dé. Itan tó dá sí méjì, kò sẹ́ni tí kò ní rí i. Tó bá jẹ́ ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ńkọ́? Àwòrán tí fóònù ń gbé kiri kì í ju àwọ̀ eérú 256 lọ, fọ́tò tí a fi ya ojú kọ̀ǹpútà máa ń ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti omi tó ń jì, WhatsApp fúnra rẹ̀ á sì tún fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, àyàfi bí a bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé. Orúkọ aláìsàn sì máa ń wà ní igun àwòrán, ibi tí yóò sì dé, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún eegun mọ̀ jù mí lọ. Fíìmù àtijọ́ máa ń sún mọ́ bí eegun ṣe tóbi gan-an, ó kàn máa ń fi díẹ̀ jù ú lọ ni, nítorí pé àlàfo máa ń wà láàárín eegun àti fíìmù. Mo ti rí ọ̀gá tó fi rúlà wọn ojúgun lórí fíìmù kó tó mọ bí irin tí yóò kàn mọ́ ọn ṣe máa gùn tó. Fíìmù ńlá wa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35 sí 43. Bébà A4 jẹ́ 21 sí 29.7. Nígbà tí wọ́n bá fún àwòrán ẹsẹ̀ pọ̀ kó lè wọ bébà, tí wọ́n sì tún tẹ méjì sójú kan, kí ni rúlà fẹ́ wọ̀n níbẹ̀? Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà lè wọ̀n ọ́n, àmọ́ inú fáìlì gidi nìkan ni òṣùwọ̀n yẹn ń gbé.

Mi ò ní ṣàì bá àwọn ọmọ iṣẹ́ tiwa wí pẹ̀lú. Láyé fíìmù, lẹ́tà òjé R tàbí L la máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ aláìsàn kí ìtànṣán tó jáde, kí ó lè hàn pé ọ̀tún ni tàbí òsì, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ kúrò mọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ ló ń fi kíbọ́ọ̀dù tẹ lẹ́tà náà lẹ́yìn tí aláìsàn ti lọ, máòsì sì lè yí àwòrán padà bí ìgbà tí a ń wo dígí. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ìtànṣán náà ńkọ́? Fíìmù máa ń tú àṣírí ẹni tó bá lo ìtànṣán jù, nítorí pé á dúdú. Kọ̀ǹpútà kì í tú àṣírí. Ó máa ń tún àwòrán náà ṣe kó rẹwà, bí ìtànṣán bá sì ṣe pọ̀ tó ni àwòrán á ṣe mọ́ tó, tí oníṣẹ́ á sì máa fi ìwọ̀n kún un díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Lóòótọ́, X-ray ọwọ́ kan ṣoṣo kò tó ìtànṣán tí ilẹ̀ àti òfuurufú ń fún olúkúlùkù wa lọ́jọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí lẹ́tà mi sá fún un. Ti ìbàdí àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn ju ti ọwọ́ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti máa wo nọ́ńbà ìwọ̀n ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Fáìlì àwòrán náà ní orúkọ, DICOM ni wọ́n ń pè é, gbogbo ẹ̀rọ X-ray oníkọ̀ǹpútà tó bá òde mu ló sì ń ṣe é, láìka ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ sí. Ó ṣeé dà sórí CD tàbí fíláàṣì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pẹ̀lú ètò kékeré tí yóò fi ṣí lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Iye tí CD ń náni kò tó iye tí aláìsàn fi wọ ọkọ̀ wá. Kí ilé ìwòsàn máa fún aláìsàn ní fáìlì yìí láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n, pàápàá ẹni tí wọ́n ń gbé lọ síbòmíràn. Àwọn tí wọ́n ń gbé láti ìlú kékeré lọ sí ilé ìwòsàn eegun ti Igbobi ní Èkó, tàbí sí UCH ní Ìbàdàn, bébà ló ń wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n á sì tún X-ray yà fún wọn lọ́hùn-ún, tí wọ́n á tún sanwó, tí wọ́n á tún yí itan tó kán sọ́tùn-ún sósì. Bí bébà bá sì pọn dandan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé kì í ṣe òun ni dókítà yóò fi dájọ́.

Ilé ìwòsàn tó ṣì ń lo fíìmù, kí wọ́n má tìtorí ojú ayé jù ú nù kí wọ́n tó ní kọ̀ǹpútà tó pé, pẹ̀lú skíríìnì tó dára ní yàrá dókítà àti ibi méjì ó kéré tán tí wọ́n ń tọ́jú àwòrán sí. Mo mọ ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan ti bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí X-ray ọdún mẹ́rin sì bá a lọ. Fíìmù orúnkún tèmi tí wọ́n yà lọ́dún 1988 ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ti rẹ̀ díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n bí mo bá nà án síbi fèrèsé, mo ṣì ń rí orúnkún mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé náà, bí wọ́n bá ya yín tàbí ọmọ yín ní X-ray, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da fáìlì rẹ̀ sórí CD.” Bí wọ́n bá ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n má pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ àbúrò mi. Wọ́n bu eegun díẹ̀ láti ìbàdí rẹ̀ fi dí àárín ibi tó kán, wọ́n sì fi skúrù kékeré kan dè é pọ̀. Wọ́n yọ ìdè ọwọ́ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́, ṣùgbọ́n gígé aṣọ, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣì ń bá a gé e.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníṣẹ́ X-ray tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta